Ẹdun Kan Ṣoṣo Tí Màmá Wa Rí Létí Odò Ọbà

Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé Safurat Táíwò Àṣàbí Jayéọlá, láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn, fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ògbómọ̀ṣọ́, oṣù kọkànlá, ọdún 1988.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Màmá wa sí, ní agbo ilé àwọn alùfáà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní nǹkan bí ọdún 1930. Alùfáà Israfil Àkàndé ni bàbá wọn, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú láàárọ̀, tó sì ń rán fìlà lọ́sàn-án. Asiyah Àdùkẹ́, ọmọ Ìsokùn, tó ń ta òwú, ni ìyá wọn. Méjì ni Asiyah bí lọ́jọ́ náà. Màmá ló kọ́kọ́ yọjú, wọ́n sọ wọ́n ní Safurat Táíwò. Ọkùnrin ló tẹ̀lé wọn, wọ́n sọ ọ́ ní Mubaraq Kẹ́hìndé. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ mọ irú ayọ̀ tó máa ń bá ìbejì wọlé.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Kí àwọn ọmọ náà tó pé ọdún mẹ́ta, ibà mú Kẹ́hìndé, ó sì lọ. A kì í sọ pé ọ̀kan nínú ìbejì kú. Ìyá Asiyah, ìyá àgbà wọn, fa Táíwò mọ́ra, ó ní Kẹ́hìndé ti padà sínú igbó sọ́dọ̀ àwọn ẹdun, àwọn ọ̀bọ dúdú onírù funfun tí àwọn baba wa gbà pé wọ́n bá ìbejì tan. Alùfáà Israfil kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni Kẹ́hìndé wà, kò sì gbà kí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì wọ ilé òun. Àmọ́ nígbà tó rí i pé ìyàwó òun kò jẹun mọ́, ó gbà kí wọ́n ya fọ́tò.

Onífọ́tò kan tó ti Ìbàdàn wá ló ya fọ́tò náà. Ó kọ́kọ́ gbé Táíwò jókòó sí apá kan tábìlì nínú ìró àti bùbá rẹ̀, ó yà á. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ aṣọ lára ọmọ, wọ́n wọ dàńṣíkí Kẹ́hìndé fún un, wọ́n dé e ní fìlà Kẹ́hìndé, wọ́n gbé e sí apá kejì tábìlì, ó tún yà á. Nígbà tí ó ń tẹ̀ ẹ́, ó pa méjèèjì pọ̀. Ọmọ méjì ló jáde, ọkùnrin kan, obìnrin kan, tábìlì wà láàárín wọn. Bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà nìyẹn fún ìbejì tó bá ṣẹ́ ku ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ń kà á sí irọ́.

Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta kò lè rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Màmá dàgbà, wọ́n gbà pé Kẹ́hìndé ló jókòó ti àwọn lára ògiri. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn, fọ́tò ni wọ́n ń rò ó fún. Wọ́n máa ń fi àkàrà tọ́ ọ lẹ́nu. Òróró àkàrà náà ṣì wà lára férémù títí dòní, ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́ kó wọlé wá wò ó.

Màmá ka Kùránì parí lọ́dọ̀ bàbá wọn ní ọdún 1943. Wọ́n lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé kíláàsì kẹrin, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1950, wọ́n fẹ́ Mashood Jayéọlá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ṣòwò obì ní Sábó. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, bí ìyá wọn ti ń di ẹrù wọn, ó gbé fọ́tò náà sínú àpótí, ó wá ní: “Táyé, o ti tó ẹni tí à ń sọ ọ́ fún. Ìwọ náà ni ẹni méjèèjì tó wà níbẹ̀.” Màmá rò pé àwàdà ni. Ìyá wọn ní kí wọ́n wo etí ọmọkùnrin náà dáadáa. Ihò yẹtí wà níbẹ̀.

Màmá sunkún láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ará ilé ọkọ rò pé ẹkún ìyàwó ni, wọ́n ń yìn wọ́n, wọ́n ní ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́. Ohun tí Màmá ń sunkún lé lórí ni pé wọn kò mọ ojú Kẹ́hìndé. Láti kékeré, ara wọn ni wọ́n ti ń bá sọ̀rọ̀, ara wọn ni wọ́n sì ń fi àkàrà tọ́ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n máa ń fi èyí pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí a bá rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á ní: “Ohun tí ojú bá rí, òun ni kí fọ́tò sọ.”

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni Màmá fi tọ́ wa. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí ibi tí bàbá wa ti ń di obì fún àwọn Gàmbàrí ní Sábó, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ẹ̀rọ wọn fi ń dún níbẹ̀. Aṣọ ọmọ kéwú ni ọwọ́ wọn dá jù. Ọmọ aláìníyàá tó bá fẹ́ ka Kùránì parí, ọ̀fẹ́ ni Màmá ń rán tirẹ̀, wọn kì í sì fẹ́ kí a sọ ọ́ síta. Ní báyìí tí wọn kò lè bá wa wí mọ́, a ti sọ ọ́. Ní ọdún 1958, bàbá wa fẹ́ Kúbúrátù, tí gbogbo yín mọ̀ sí Ìyá Kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ìjà orogún nílé wa, ẹ retí rẹ̀ tì.

Ní ọdún 1974, bàbá wa lọ sí Mẹ́kà. Kó tó lọ, ó bi àwọn ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ìyá Kékeré ní wúrà. Màmá ní kámẹ́rà. Bàbá rò pé àwa ọmọ ni wọ́n fẹ́ máa fi yà, ó sì ra kámẹ́rà kékeré kan bọ̀ láti Jídà, tòun ti àpò awọ rẹ̀. Nígbà Iléyá tó tẹ̀lé e, gbogbo ilé wọ aṣọ tuntun, a tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú ilé, àgbò pàápàá dúró. Màmá gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n sì rọra gbé e sílẹ̀. Fíìmù ti tán. Agẹmọ kan ló ń gun ògiri ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti yà á láti orí dé ìrù. Bàbá wo àgbò, ó wo Màmá, ó ní: “Táyé, ṣé ká tú àgbò yìí sílẹ̀, ká lọ pa agẹmọ rẹ?” Fọ́tò agẹmọ náà wà ní pálọ̀ wa. Fọ́tò Iléyá ọdún yẹn kò sí níbì kankan.

Bàbá wa papòdà ní ọdún 1985. Nígbà tí Màmá jáde opó, ẹsẹ̀ wọn ti wú nítorí ìjókòó, dókítà sì ní kí wọ́n máa rìn. Àwọn opó mìíràn a máa rìn káàkiri ìgboro, wọ́n á máa kí ènìyàn. Màmá gbé kámẹ́rà kọ́rùn, wọ́n wọ bàtà rọ́bà, ó di inú igbó. Ìyá Kékeré tẹ̀lé wọn. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ìyáálé òun lọ ṣubú sínú igbó, kí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wá máa ní òun ló tì wọ́n.

Bí ó ṣe di pé ní ọjọ́ Sátidé, àwọn opó Alhaji Mashood méjèèjì á wọ mọ́tò lọ sí ọ̀nà odò Ọbà nìyẹn, wọ́n á sọ̀ níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Kékeré á gbé kẹ́ẹ̀gì omi àti oúnjẹ, Màmá á gbé kámẹ́rà. Ògúnwùmí ọdẹ, ọ̀rẹ́ bàbá wa láti ìgbà èwe, ló fi ọ̀nà inú igbó hàn wọ́n. Létí igbó, Ògúnwùmí á kí Ògún, Màmá á ní Bísímílà, wọ́n á sì jọ wọlé.

Ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbé lọ sọ́jà. Wọ́n rí aláǹtakùn tó pọn gbogbo ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n rí òdòdó kan tó yọ láti inú eérú lẹ́yìn tí iná jó igbó, láìsí ewé kan lára rẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin dùbúlẹ̀ gbalaja kí wọ́n lè ya kúlúsọ nínú kòtò rẹ̀, àwọn tó ń ti oko bọ̀ sì rò pé àìsàn ló gbé wọn dè. Wọ́n ya lámilámi tó bà sórí koríko, wọ́n ya ìtẹ́ ẹ̀gà tó ń mì lórí omi, wọ́n sì ń mú gbogbo rẹ̀ bọ̀ wálé bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún ohunkóhun ṣe. Ewé tó bá bo òdòdó lójú, kó bò ó. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Kékeré fọwọ́ kan patanmọ́ kí Màmá tó yà á, ewé rẹ̀ sì pa dé. Màmá jókòó tì í títí ó fi là. Ìgbà náà ni wọ́n tó ní: “Ìyàwó, bí o ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ni kí o jẹ́ kí èmi náà bá a.”

Àwọn fọ́tò náà ni wọ́n ń kó lọ sí ilé kéwú, kí àwọn ọmọdé lè rí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Bí ọmọ kan bá béèrè ohun tí kúlúsọ ń jẹ, inú Màmá á dùn débi pé wọ́n á gbàgbé aṣọ oníbàárà sí abẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn oníbàárà kan wà láàárín yín tí wọ́n lè jẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Màmá ń wá, gbogbo wa nílé la sì mọ̀ ọ́n. Ẹdun ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ inú fọ́tò kì í ṣe Kẹ́hìndé, ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà sọ nìkan ló kù fún wọn. Mùsùlùmí òdodo ni Màmá, ìrun wọn kì í sì í lọ. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ ẹdun ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní: “Mo mọ̀ pé Kẹ́hìndé ò sí lórí igi. Àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ pé èèyàn yín kan ní ọ̀rẹ́ nílùú kan, ṣé ẹ ò ní kí wọn ni?” Wọn kò tíì rí ẹdun rí láyé wọn. Ògúnwùmí ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, ó ní ọdẹ ti pa wọ́n tán, èyí tó kù ti sá lọ sókè. Ojú Màmá sì ti ń ṣe bàìbàì nítorí abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ẹdun bá tilẹ̀ yọjú, ojú àwọn lè má gbé e mọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Ògúnwùmí ránṣẹ́ pé òun rí ìrù funfun lórí igi ńlá kan létí odò, níbi tí igi kì í ti í wọ́wé. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Màmá ti mọ ohun tí wọ́n ṣe lójú ọ̀nà. Wọ́n rí olú kan tó pupa bí ata, wọ́n yà á. Wọ́n rí alángbá tó ń bọ́ awọ, wọ́n yà á láti ìhín, wọ́n yà á láti ọ̀hún. Kí wọ́n tó dé ìdí igi náà, ẹyọ kan ló kù nínú fíìmù. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí. Ìyá Kékeré ti sùn lọ nígbà tí ẹ̀ka kan mì. Ẹdun kan ló jókòó sí gbangba, ó dúdú, ìrù rẹ̀ funfun, ó gùn wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, ó sì ń wò wọ́n. Màmá tẹ kámẹ́rà. Ẹdun náà wò wọ́n díẹ̀ sí i, ó sì fò lọ. Ìyá Kékeré ní nígbà tí òun lajú, ìyáálé òun dúró, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń ní: “Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ilé o.” Omi ń ṣàn lójú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Ọjọ́ náà ni Màmá bẹ Ògúnwùmí pé kó má yìnbọn nídìí igi yẹn mọ́. Ògúnwùmí fi ahọ́n kan irin ìbọn rẹ̀, ó sì búra. Ó jókòó láàárín wa lónìí, kò tíì yẹ̀ ẹ́.

Stephen Oyèlékè, onífọ́tò àdúgbò wa, ló ń fọ fíìmù Màmá. Ọmọlúàbí ni Stephen. Ó mọ̀ pé Táyé ni Màmá, ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá ẹdun. Nígbà tó rí i pé ẹdun kan ṣoṣo ló wà nínú fíìmù, kò dùn mọ́ ọn. Ó ní ohun ìbejì kì í jẹ́ ẹyọ kan. Ó gé ewé tó yí ẹdun náà ká kúrò, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọjú wọn síra, ó fi férémù dídán sí i, ó gbé e wá fúnra rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Wọ́n ń kí Màmá kú oríire, wọ́n ní ẹdun méjì ló jáde wá pàdé wọn. Màmá dúpẹ́, wọ́n bu oúnjẹ fún Stephen, wọn kò dójú tì í lójú ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwa rí ojú wọn. Ẹdun tó wà lápá ọ̀tún fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹ̀ka mú, èyí tó wà lápá òsì fi ọwọ́ òsì dì í, bí ẹni tó ń wo dígí.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá àti Ìyá Kékeré lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá ní: “Stephen, ọmọ mi, ọ̀kan ni mo rí.”

Stephen dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá. Mo rò pé ẹyọ kan ò ní dáa lójú yín ni.”

“Wọ́n ti ṣe irú eléyìí fún mi rí, ọmọ mi. Mo gbà á gbọ́ títí mo fi relé ọkọ. Jọ̀ọ́, tẹ ẹyọ kan fún mi.”

Stephen tẹ ẹyọ kan. Bó ti máa ń ṣe fọ́tò ènìyàn ló ṣe é: ó gé gbogbo ewé tó yí ẹdun náà ká kúrò, ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ kún inú férémù. Màmá gbé e kọ́ sí òdìkejì fọ́tò ìgbà èwe wọn. Bí wọ́n bá kírun àárọ̀ tán, wọ́n á wò ó. Inú wọn dùn sí i, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún Ìyá Kékeré nígbà kan pé: “Ó dá wà, ìyàwó. Òun náà dá wà.”

Ẹ̀jẹ̀ ríru dá Màmá dúró sílé ní oṣù tó kọjá, wọn kò lè lọ sí igbó mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, lẹ́yìn ìrun àsúbàá, wọ́n dágbére fáyé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin wọ́n.

Wọ́n fi Kúbúrátù sáyé, orogún wọn àti ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n fi Zulaikha sílẹ̀, tó ń ṣe olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, àti Mubaraq, tí wọ́n sọ ní orúkọ Kẹ́hìndé, àti Sàlámátù àti Ràbíù, pẹ̀lú àwọn ọmọ Ìyá Kékeré tí Màmá kò fi ìgbà kan yà sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ pọ̀. Nínú wọn ni Táíwò àti Kẹ́hìndé wà, àwọn ìbejì Sàlámátù, tí wọ́n ń bẹ láàyè, tí wọ́n sì ń da ilé rú bí a ti ń kọ ìwé yìí. Àwọn méjèèjì nìkan ni ènìyàn tí kì í rẹ Màmá láti yà. Fọ́tò wọn kún inú àpótí, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n ti ya ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀.

Fọ́tò tó wà níwájú ìwé yìí, Ìyá Kékeré ló yà á nínú igbó. Bí ẹ bá rí àtàǹpàkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Màmá, tirẹ̀ ni, a kò sì gé e kúrò. Fún ẹ̀yìn ìwé, a ní kí Stephen tẹ ẹdun Màmá. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó béèrè pé ṣé kí òun má ṣe é ní méjì báyìí, kí Màmá má baà dá lọ. A ní rárá. Ọ̀kan ni Màmá rí, ọ̀kan ni kó tẹ̀. Kó má sì gé ewé kankan, kó tẹ gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù bó ṣe bá a, torí òfin wọn nìyẹn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Stephen wọlé tọ̀ wá wá, ó gbàgbé láti bọ́ bàtà. Ó gbé fọ́tò náà lé orí ẹní. Kó tó sọ̀rọ̀, ó na fíìmù gan-an sójú òrùn kí àwa fúnra wa wò ó, kí a má baà rò pé ó tún ti fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Ẹdun Màmá jókòó sí gbangba bí a ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, nísàlẹ̀ díẹ̀, nínú ewé dúdú tí Stephen ti gé dànù nígbà méjèèjì, ojú mìíràn wà níbẹ̀ tí irun funfun yí ká, ó ń wo ọ̀dọ̀ Màmá. Kò di ẹ̀ka kankan mú. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn èkejì rẹ̀.

Ìyá Kékeré wò ó títí. Ó ní: “Ìyáálé mi, ẹ ò bá ti dúró díẹ̀ sí i.” Ó bú sẹ́kún, àwa náà sì sunkún. Ó dùn wá pé Màmá kò rí i. Ó dùn wá gidigidi, a kò ní fi pamọ́ fún yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣàdúrà, kí ẹ tó ká ìwé yìí sápò, ẹ yí i sẹ́yìn, kí ẹ bá wọn wò ó. Kò hàn kíákíá. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì wo abẹ́ ewé lápá òsì. Ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe.

Kí Ọlọ́run Alláà forí jì wọ́n, kó fún wọn ní àyè nínú Àlùjánnà, níbi tí igi ti pọ̀, tí omi sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ sùn re o, Táyé Àṣàbí, ìyá wa. Ọ̀kan lẹ ní ẹ rí. Àwọn méjì ló ń wò yín.